Ibi Tí Ìwé Ń Gbé Nínú Ilé Wa

Bí ènìyàn bá wọ ilé Yorùbá tí ó sì fẹ́ mọ ohun tí onílé kà sí iyebíye, kí ó má ṣe bèèrè lọ́wọ́ onílé; kí ó wo ibi tí wọ́n gbé ohun kọ̀ọ̀kan sí. Aṣọ òkè ń gbé inú àpótí, àgbàdo ń gbé orí àjà níbi tí èéfín ti ń kàn án, omi mímu ń gbé inú àmù ní kọ̀rọ̀ tí oòrùn kì í dé. Àwọn ohun wọ̀nyí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí olúkúlùkù fi ní ibùgbé tirẹ̀. Ìwé ni àlejò. Ó dé bá wa nígbà tí ilé ti kún, ó sì ti ń wá ibi tí yóò jókòó sí láti ìgbà náà títí di òní. Ìtàn ìwákiri náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, nítorí ó ju ọ̀rọ̀ káfíńtà lọ. Ibi tí a bá gbé ìwé sí nínú ilé ni ó ń sọ ẹni tí yóò kà á, òun náà ni ó sì ń sọ bí ìwé náà yóò ti pẹ́ tó láyé.

Lójú tèmi, àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ni wọ́n kọ́kọ́ fún ìwé ní ìjókòó tí ó yẹ ẹ́. Kí òyìnbó oníwàásù kankan tó dé Ìbàdàn ni Kùránì àti àwọn ìwé Lárúbáwá mìíràn ti wà nínú ilé àwọn àlùfáà ìlú náà. Ìwé ìgbà náà kò rí bí ti òde òní. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, a kì í sì sábà rán ewé rẹ̀ pọ̀ ní ẹ̀yìn. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ewé kọ̀ọ̀kan wà. A óò tò wọ́n lé ara wọn, a óò fi awọ wé wọn, a óò sì ti gbogbo rẹ̀ bọ inú àpò awọ tí ó ní okùn ìfikọ́. Bí àlùfáà bá kàwé tán, yóò gbé àpò náà kọ́ sára ògiri. Ẹ wo bí ọgbọ́n náà ti jinlẹ̀ tó! Ikán tí ń bọ̀ láti inú ilẹ̀ kò tètè rí i, eku kò rí ibi dúró sí jẹ ẹ́, omi tí ó bá ya wọlé kò kàn án, ilẹ̀ yàrá kò sì fi ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan dín kù. Bí ogun bá dé, ogun kò sì wọ́n ní ọ̀rúndún náà, onílé a fi àpò kọ́ èjìká, ó di ọ̀nà. Wàláà àwọn ọmọ ilé-kéwú pàápàá kò gba àyè. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n ń fi í tì. Nígbà tí Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ọdún 1964 láti máa ṣe àkójọ ìwé Lárúbáwá àtijọ́, ọwọ́ àwọn ìdílé ni wọ́n ti bá púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wá. Kì í ṣe ilé ńlá ni ó pa á mọ́ o. Àpò awọ ni.

Àpótí ni ó tẹ̀lé e. David Hinderer kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní ọdún 1851. Ní ọdún 1853 ni òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Láti ìgbà náà ni ìwé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí a rán ní ẹ̀yìn, tí ó sì ní páálí líle, ti ń wọ inú ilé amọ̀ ní Ìbàdàn díẹ̀díẹ̀. A kò lè fi irú èyí kọ́ sára ògiri bí àpò. Ó wúwo, ó sì nílò kí ó dúró tàbí kí ó sùn. Ibo ni yóò sùn sí? Ibi tí ohun iyebíye mìíràn ń sùn náà ni: inú àpótí, láàárín aṣọ. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá pé odindi ní ọdún 1884, inú àpótí ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lọ, pẹ̀lú ìwé orin àti ìwé àdúrà. Mo bá a bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi. Òórùn káńfọ̀ ni Bíbélì rẹ̀ ń ta, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi ni ó ń gbé; bí ó bá sì ṣí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa tí a jókòó ní ìlà náà ni a óò gbọ́ òórùn náà. Ìwé náà kò ní ihò kòkòrò kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ń bẹ ní ìdí aṣọ màmá, kò sì sí ọmọ tí ó lè fi ojú kan ìwé náà ní ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àpótí gba ìwé lọ́wọ́ kòkòrò, ó sì gbà á lọ́wọ́ ọmọ.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a bú àpótí jù. Ní ọdún 2012, nígbà tí àwọn oníjà gba ìlú Timbuktu ní orílẹ̀-èdè Mali, àpótí irin ni àwọn ènìyàn fi kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àfọwọ́kọ wọn sá lọ sí Bamako ní òru, nínú ọkọ̀ àti nínú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí ń bẹ lórí pẹpẹ kì í sáré. Ẹni tí ó ń gbé ibi tí ogun tàbí iná ti lè dé kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Iná ni mo sọ yẹn. Ní ọdún 1862 ni ilé Samuel Àjàyí Crowther jóná ní Èkó. Ọkùnrin náà ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé bí iná bá ṣẹlẹ̀, àwọn ìwé ìtumọ̀ ni òun yóò kọ́kọ́ gbé jáde kí òun tó gbé ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n àyè kò gbà á láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ náà. Púpọ̀ nínú ìtumọ̀ ìwé márùn-ún àkọ́kọ́ nínú Bíbélì jóná. Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá àti òwe tí ó ti fi ọdún 11 kó jọ náà jóná. Mo máa ń ronú sí àwọn òwe wọnnì. A kò lè mọ èyí tí ó wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún pa mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹjọ́ ti Samuel Johnson yàtọ̀ sí èyí, òun ni ó sì wúlò jù lọ fún ọ̀rọ̀ mi. Johnson jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dàgbà sí ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ní Kúdẹtì. Ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, nígbà tí ó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1899 ni wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì padà mọ́. Ó sọnù sí ọ̀hún. Johnson fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1901. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ó yẹ kí ìtàn wa ti parí síbẹ̀. Ohun tí ó gbà á là ni pé òǹkọ̀wé náà kò da àwọn ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù. Àkọ́kọ́kọ tí ó kún fún ìpaarẹ́, àkíyèsí lórí bébà onírúurú, gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ìbá ti fi dá iná, ó fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó tì wọ́n, ó sì fi wọ́n tún ìwé náà kọ. Nígbà tí òun náà fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ọdún 1916, ọkọ̀ òkun tí ó gbé e, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Appam, bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nínú ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà! Ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ọdún 1921, nígbà tí Obadiah pàápàá ti di olóògbé. Gbogbo wa ni a ń tọ́ka sí ìwé yìí nínú iṣẹ́ wa. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí i lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí mo ń rí ni òkìtì bébà kan nínú ilé pásítọ̀ kan tí ìyàwó tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ kò gbá dànù.

Ní Èkó, Henry Carr ṣe é ní ọ̀nà ọlọ́lá. Ọdún 1863 ni a bí i, ó sì kú ní ọdún 1945. Ó ti jẹ́ aláyẹ̀wò ilé-ìwé, ó sì ti jẹ ipò Résídẹ́ǹtì ní Èkó. Nínú ilé rẹ̀ ni ó kó nǹkan bí 18,000 ìwé jọ sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìjọba rà wọ́n, wọ́n sì di ara ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé tí a dá sílẹ̀ fún Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Èmi kò ní irú ilé Carr, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín. Ṣùgbọ́n ilé-ìkàwé tí ó gba ìwé rẹ̀ kọ́ mi ní ohun kan. Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn òyìnbó ayàwòrán-ilé méjì, ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Dípò kí wọ́n fi ògiri dí i pa, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì olójú ihò bo ara rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa la inú ilé kọjá, kí oòrùn má sì ba ìwé. Òye wọn ni pé ní ilẹ̀ wa yìí, ìwé a máa mí. Bí ẹ bá sé e mọ́ ibi tí atẹ́gùn kò dé nígbà òjò, èbù ni yóò hù.

Ìgbà tí ìwé wọ pálọ̀ ni ìgbà ayé rẹ̀. Òǹtẹ̀wé Oxford ṣí ọ́fíìsì ní Ìbàdàn ní ọdún 1949. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Oníbọnòjé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé tirẹ̀ ní ọdún 1958. Tíṣà tí ó ní ìwé ogún fẹ́ kí àlejò rí i. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ṣe dé ẹ̀gbẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ìwé kúrò lábẹ́ aṣọ, ó bọ́ sí ojú gbangba, ó ń dán. Oge ni, mo gbà, oge náà sì dára. Àbùkù rẹ̀ ni pé gíláàsì náà ní kọ́kọ́rọ́ bí àpótí màmá. Mo mọ àwọn ilé tí ìwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn kò tíì gbọ́ ohùn ènìyàn rí; àwọ̀ ẹ̀yìn wọn ni wọ́n fi yàn wọ́n, bí ẹni yan aṣọ ẹbí.

Lẹ́yìn náà ni amóhùnmáwòrán dé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, òun ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó kárí ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kárí i, káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí kan àwọn pẹpẹ gbàgàdà tí a fi ń pín pálọ̀ sí méjì. Ẹ rántí bí wọ́n ti rí: àárín gbùngbùn fún amóhùnmáwòrán, òkè fún ife gíláàsì àti òdòdó oníke, ìsàlẹ̀ fún bàtà. Igun kan ṣoṣo ni ó kù fún ìwé, pẹ̀lú fọ́tò ìgbéyàwó tí ó ń bò ó lójú.

Èyí ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé Akóbọ̀ níbi tí mo ń gbé. Ní ọdún 1959 náà ni wọ́n kọ́ ilé àwọn ará Bódìjà, tí olúkúlùkù sì ní ọgbà. Akóbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ni ó wà, ní ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Ìbàdàn, oko sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ilé tó ya bò ó. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì tí owó Bódìjà kò ká mọ́ ń wá ibẹ̀. Yàrá kan àti pálọ̀ ni tèmi, ní apá Ojúrin. Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú àti 12 ní gígùn. Ènìyàn mẹ́rin ni ó ń gbé inú rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta.

Ọ̀gá káfíńtà tí mo pè kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọn ògiri, ó sì ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é kó fẹ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ẹ ó lè gbé tẹlifíṣọ̀n sí i."

Mo ní, "Ọ̀gá, íǹsì mẹ́sàn-án ni mo fẹ́."

Ó wò mí. "Íǹsì mẹ́sàn-án? Kí ló máa gbà?"

"Ìwé."

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìwọ̀n tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, ìwọ̀n amóhùnmáwòrán ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí a ń kà lójoojúmọ́ kò fẹ̀ ju íǹsì mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ. Pẹpẹ tí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń jẹ ilẹ̀ yàrá lásán, a óò sì bẹ̀rẹ̀ sí to ìwé ní ìlà méjì, èyí tí ó wà lẹ́yìn yóò sì di òkú. Íǹsì mẹ́sàn-án tí a bá gé kúrò lára ìbú pẹpẹ ni àyè tí ọmọ yóò fi kọjá láìfi èjìká gbá ìwé. Níkẹyìn ó gbà, a sì jọ lọ sí ọjà pákó Bódìjà. Níbẹ̀, arère ni ó wọ́pọ̀, tí owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ó funfun, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni lójú ikán. Ìrókò wọ́n, ikán kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a fi ìrókò ṣe òpó àti ẹsẹ̀, níbi tí ikán ti ń gùn, a sì fi arère ṣe ìbùsùn ìwé.

A kò fi pẹpẹ lẹ ògiri. Íǹsì méjì ni a fi sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún atẹ́gùn, àti kí n lè rí i bí ikán bá ń la ọ̀nà erùpẹ̀ rẹ̀ gba ara ògiri bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú agolo tí a bu kẹrosíìnì sí díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti máa ń ṣe fún ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ nítorí èèrà. Mo sá ewé dóńgóyárò gbẹ, mo sì fi sẹ́yìn ìwé. Aáyán ni ó burú jù, nítorí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ẹ̀yìn ìwé ni ó ń lá. Nítorí náà a kì í jẹun nínú yàrá ìwé, òfin tí ó ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ìgbà ọyẹ́, mo máa ń to ìwé kí wọ́n fún ara wọn díẹ̀ kí páálí wọn má bàa ká kò. Ní ìgbà òjò, mo ń tú wọn kí atẹ́gùn ráyè.

Ẹ óò bi mí pé ẹwà ńkọ́. Ẹwà ń bẹ. Igi ìrókò tí a fi epo pa ń dán ju gíláàsì lọ. Mo to ìwé gẹ́gẹ́ bí gíga wọn, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àwọ̀, mo sì fi àyè sílẹ̀ ní ìdá mẹ́rin pẹpẹ kọ̀ọ̀kan, nítorí pẹpẹ tí ó kún fọ́fọ́ dàbí ẹnu tí oúnjẹ kún. Lókè ẹnu-ọ̀nà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í lò fún ohunkóhun, pẹpẹ kan gùn láti igun dé igun bí gèlè lórí ìyàwó. Pẹpẹ tí ó sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ ni mo fún àwọn ọmọ, Fágúnwà sì ni ó ṣíwájú níbẹ̀. Àwọn kan kìlọ̀ fún mi pé wọn yóò fà á ya. Wọ́n ti fa méjì ya. *Ògbójú Ọdẹ* tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938 ṣì ń bẹ ní ọjà. Mo ra òmíràn.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ pẹpẹ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ nìyí. Ọ̀gá ilé-ìwé kan tí ó ti fẹ̀yìntì gbé ní àdúgbò wa. Ọ̀mọ̀wé tòótọ́ ni. Nígbà tí yàrá rẹ̀ kún, ó kó ìwé rẹ̀ sínú páálí, ó dè é ní okùn, ó sì ti gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ó fi ọdún púpọ̀ sùn lé wọn lórí. Ọmọ rẹ̀ kan kò mọ ohun tí ó wà nínú páálí wọ̀nyẹn, nítorí kò sí ẹni tí ó rí ẹ̀yìn ìwé kan ṣoṣo tí ó lè mú kí ó bèèrè pé kí ni èyí. Ní oṣù kejì tí wọ́n sin ín ni wọ́n gbé wọn fún àwọn tí ń ra bébà ní ìwọ̀n. Ẹ̀pà ni mo rà ní ọjọ́ kan ní ìyànà, mo sì rí i pé ewì Yorùbá ni wọ́n fi pọ́n ọn fún mi. Mo bi ẹlẹ́pà pé, "Ìyá, ẹ dákun, níbo lẹ ti rí èyí?" Ó na ọwọ́ sí òkìtì kan lẹ́yìn rẹ̀. Mo ra ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó sì fún mi ní ẹ̀pà lé e. Nínú òkìtì náà ni mo ti rí ẹ̀dà *Olókun* mélòó kan, ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ Ìjìnlẹ̀ Yorùbá, ti àárín ọdún 1960 sí 1969, tí ọ̀gá náà ti fi yẹ́ńsù kọ àríyànjiyàn tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, nípa àmì ohùn, nípa ìtumọ̀ oríkì kan, pẹ̀lú ìbínú púpọ̀. Èèpo ìwé kan ti lọ, ewé díẹ̀ sì ti lọ pẹ̀lú ẹ̀pà.

Ìyókù wà lórí pẹpẹ ẹnu-ọ̀nà nísinsìnyí, wọ́n dojú ẹ̀yìn kọ ẹni tí ń wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ olóògbé náà wá kí mi ní oṣù tí ó kọjá, ó gbé ojú sókè, ó sì bèèrè ẹni tí ó ni ìwé pupa yẹn. Mo gbé àga fún un kí ó lè gòkè, ó sì kà á lórí ìdúró títí iná fi lọ.